Ibi Tí Iyọ̀ Wà Kí Òjò Tó Dé

Bí a bá dárúkọ omi àti ilẹ̀ pọ̀, ibi méjì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ: òjò tó ń rọ̀ lókè, àti omi kànga tó wà nísàlẹ̀. Ìpele tó wà láàárín méjèèjì ni a kì í kà sí. Níbẹ̀, ilẹ̀ kò gbẹ pátápátá, omi kò sì kún un. Omi gba apá kan nínú àwọn àlàfo tíńtìntín tó wà láàárín erùpẹ̀, afẹ́fẹ́ gba ìyókù. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, ìpele yìí lè ga tó mítà mélòó kan nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, kó sì kúrú gan-an nígbà tí òjò bá ti rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Inú rẹ̀ ni gbòǹgbò àgbàdo ń gbé, inú rẹ̀ ni fàtíláísà tí a fi owó ńlá rà ń gbà kọjá, inú rẹ̀ náà sì ni ohun tó ń jò nídìí ṣáláńgá ń gbà lọ bá omi tí a ń mu. Èrò mi ni pé kì í ṣe bí òjò ti pọ̀ tó nìkan ló ń pinnu ibi tí iyọ̀ tó ti yòrò sínú omi yóò dé. Ohun méjì mìíràn ló tún wà níbẹ̀ tí a kì í sábà bi ara wa léèrè: báwo ni ilẹ̀ ti kún tó nígbà tí òjò dé bá a, ibo sì ni iyọ̀ náà wà ní wákàtí yẹn? Iyọ̀ tí mo ń sọ kì í ṣe ti inú ọbẹ̀ nìkan. Gbogbo ohun tó bá yòrò láti ara ajílẹ̀, eérú, òkúta tàbí ìgbẹ́, tó sì ń bá omi rìn, ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi tó kún ilẹ̀ fọ́fọ́ ti yé àwọn onímọ̀ tipẹ́. Ní 1856 ni Henry Darcy, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí omi ìlú Dijon. Ó da omi gba inú yanrìn kọjá, ó sì rí i pé bí agbára tó ń ti omi bá di ìlọ́po méjì, omi tó ń jáde náà yóò di ìlọ́po méjì. Ilẹ̀ oko kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Edgar Buckingham, tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ló fi hàn ní 1907 pé ilẹ̀ tí omi kò kún ń fa omi mọ́ra, àti pé agbára ìfà yìí yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ náà ti tutù tó. Ní 1931, Lorenzo Richards pa òye méjèèjì pọ̀ di ìṣirò kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò ìrìn omi nínú ilẹ̀ oko lónìí, orí ìṣirò yìí ni wọ́n dúró lé.

Ohun tí àwọn ènìyàn yìí rí ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó ń roko. Bí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ, omi tó wà nínú àlàfo ńlá ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Èyí tó kù á sá sínú àlàfo kéékèèké, á lẹ̀ mọ́ ara erùpẹ̀ bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì máa ń ṣòro láti gbà á níbẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá bá ti dá, tí omi tó fẹ́ jò sì ti jò tán láàárín ọjọ́ bíi méjì, ilẹ̀ máa ń di omi tó kù mú pẹ̀lú agbára tó wà láàárín 10 sí 33 kílópásíkà. Nígbà tí agbára náà bá fi máa dé 1,500, tí í ṣe ìlọ́po 15 agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ irúgbìn kò ní lè fa omi kankan mọ́, wọn a rọ, wọn kò sì ní jí. Láàárín ìwọ̀n méjèèjì yìí ni oúnjẹ wa ti ń wá. Ohun kejì tún wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: ilẹ̀ tó ti gbẹ díẹ̀ kì í jẹ́ kí omi kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá dín kù sí ìdajì, ìyára tí omi fi ń gba inú rẹ̀ kọjá lè dín kù ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn ọ̀nà ńlá ti di ti afẹ́fẹ́, omi sì ní láti máa wọ́ gba ara erùpẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí òjò mílímítà 30 tó bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ ní oṣù Ẹrẹ́nà kì í fi í dé ibì kankan, nígbà tí òjò kan náà nínú oṣù Òkúdù lè ti omi dé ibi tí gbòǹgbò kò lè tẹ̀ lé e mọ́.

Iyọ̀ ń bá omi yìí rìn, ṣùgbọ́n ìrìn wọn kì í dọ́gba. Àwọn aláró wa ti ń ṣe ìdánwò yìí kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó dé. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí wọ́n dá lu nídìí, wọ́n á gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á wá máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ kán sílẹ̀ ló máa ń le jù. Bí wọ́n bá ti ń bu omi sí i, agbára rẹ̀ á máa dín kù, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi lásán. Bí eérú náà bá sán, tí omi sì rí ojú ọ̀nà gbà, omi tó jáde kò ní le tó bẹ́ẹ̀, iyọ̀ tó pọ̀ á sì kù sínú eérú lápá ibi tí omi kò gbà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa oko àgbàdo ló wà nínú ìkòkò yẹn: omi tuntun ń ti omi àtijọ́ síwájú, iyọ̀ tó wà lójú ọ̀nà á bá a lọ, èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ á sì dúró.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní ilẹ̀ kan di omi tó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ara rẹ̀ mú lẹ́yìn tí ó ti jò tán. Bí mílímítà 100 òjò bá wọlé lé èyí tí oòrùn àti ewéko gbà lọ, omi àtijọ́ tó wà nínú ilẹ̀ náà, pẹ̀lú iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀, yóò sún sísàlẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 50. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa láti Ìbàdàn títí dé Ifẹ̀ àti Ìwó, tó wá láti ara àwọn òkúta àtijọ́ líle bíi gíráníìtì, ní ìpele òkúta wẹ́wẹ́ àti yangí lábẹ́ ilẹ̀ yanrìn tó wà lókè, kí a tó kan amọ̀. Òkúta kì í mu omi tó ṣe é kà. Bí òkúta bá gba ìdá méjì nínú márùn-ún ìpele náà, àyè tó kù fún omi ti dín kù nìyẹn. Dípò ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 12 péré ni ilẹ̀ náà yóò lè dì mú, mílímítà 100 kan náà yóò sì ti iyọ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 80. Àwọn tó ń sọ pé ilẹ̀ olókùúta kì í pa ajílẹ̀ mọ́ sọ òótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń rò pé nítorí pé omi ń yára gba àárín òkúta kọjá ni. Àyè tó ṣófo lọ́wọ́ ilẹ̀ náà ló kéré.

Kì í ṣe gbogbo iyọ̀ ni omi ń kó lọ bákan náà. Ara amọ̀ ní agbára iná díẹ̀ tí ó fi ń di àwọn kan mú, bíi pọ̀tásíọ́ọ̀mù àti amóníọ́ọ̀mù. Náítíréètì àti kílóráìdì kò sí lára àwọn tó ń dì mú, ọ̀nà tí omi bá gbà ni wọ́n ń gbà. Yúríà, tí àpò kìlógíráàmù 50 rẹ̀ ní náítírójìn kìlógíráàmù 23 nínú, ń yòrò sínú omi láìsí ohun tó dì í mú dáadáa ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò di amóníọ́ọ̀mù, tí ilẹ̀ lè dá dúró, kí àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí tó wá sọ ọ́ di náítíréètì. Ẹni tó bá tako mi lè sọ pé ilẹ̀ pupa wa yàtọ̀ sí ilẹ̀ òyìnbó, pé irin tó wà nínú rẹ̀ lè di náítíréètì mú. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ní Onne, ní ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí òjò ti pọ̀ tí ilẹ̀ sì kan, Wong, Wild àti Mokwunye fi hàn ní 1987 pé ìpele ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà ń fa náítíréètì sẹ́yìn, kì í jẹ́ kó bá omi rìn lẹ́sẹ̀ kan náà. Mo gba èyí tọwọ́ tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí kíkan ilẹ̀ kì í ti í jẹ́ kí gbòǹgbò àgbàdo wọlé dáadáa. Ohun tí a dá dúró níbi tí ọwọ́ olóko kò tó, bóyá igi tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn ló lè jẹ àǹfààní rẹ̀, kì í ṣe àgbàdo ọdún yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àpò àgbẹ̀ gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ní 1958, H. F. Birch, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ṣàpèjúwe ohun kan tí orúkọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ títí di òní: bí ilẹ̀ tó ti gbẹ gan-an bá tutù padà, àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ á jí, wọ́n á fọ́ ohun tó ti kú sínú ilẹ̀, náítíréètì púpọ̀ á sì tú jáde láàárín àkókò kúkúrú. Èyí túmọ̀ sí pé lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti bu oúnjẹ sórí tábìlì kí a tó mú àpò fàtíláísà kankan dé oko. Àkókò yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ń gbin àgbàdo, tí wọ́n sì ń da gbogbo ajílẹ̀ ọdún náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò tíì ní gbòǹgbò tó lè jẹ ìdá kékeré nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ohun tí ó ń fà kò tó nǹkan. Ilẹ̀ náà sì ti ń kún bọ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé ewé tí ì bá fa omi jáde kò tíì sí. Tí òjò oṣù Èbìbí àti Òkúdù bá wá dé, wọ́n á bá ilẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, wọ́n á bá iyọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á sì bá gbòǹgbò tí kò ju ìka lọ. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló parapọ̀ ṣe òfò náà, òjò kan sì ni a máa ń dá lẹ́bi.

Àtakò tó le jù sí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ wá láti ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ní 1972, Alan Wild tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí náítíréètì nínú ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìgbin nǹkan kan ní apá Àríwá orílẹ̀-èdè wa. Bí ìṣirò tí mo ṣe lókè yìí bá pé, ó yẹ kí òjò ti náítíréètì náà jìnnà. Kò lọ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú omi òjò gba àwọn àlàfo ńlá tó wà láàárín ògúlùtu kọjá, ó sì fi náítíréètì tó wà nínú ògúlùtu sílẹ̀ níbẹ̀. Lórí èyí, ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rù òjò ńlá kò yẹ kó bà wá, nígbà tó jẹ́ pé òjò náà ń fo iyọ̀ dá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀rí tó wá láti Rothamsted, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn ibi ìwọn omi sábẹ́ ilẹ̀ tí a kò tú láti 1870. Lawes, Gilbert àti Warington kọ ọ́ ní 1882 pé irú omi méjì ló ń jáde nísàlẹ̀: èyí tó gba ojú ihò kọjá tààrà, àti èyí tó rọra wá láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n sì rí i pé bí òjò líle bá tẹ̀ lé ajílẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n sílẹ̀, omi tó gba ojú ihò yẹn lè gbé e lọ láìjẹ́ kí ilẹ̀ rí i lò.

Lójú mi, iṣẹ́ méjèèjì kò takora. Wọ́n jùmọ̀ dáhùn ìbéèrè kejì tí mo béèrè níbẹ̀rẹ̀ ni. Náítíréètì tí Wild tọ́pa ti wọnú ògúlùtu kí òjò ńlá tó dé, ojú ọ̀nà kọ́ ló wà. Ajílẹ̀ tuntun wà lójú ilẹ̀ gan-an, lẹ́nu ihò ekòló àti ihò tí gbòǹgbò tó ti jẹrà fi sílẹ̀, níbi tí àgbàrá yóò ti kọ́kọ́ bá a. Òjò kan náà lè dá iyọ̀ àná sí, kó sì gbé iyọ̀ òní lọ. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tó jáde níbẹ̀ kò le láti tẹ̀ lé: ká pín ajílẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì, ká gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, ká fi ajílẹ̀ sí i, ká bò ó, ká sì ṣe é nígbà tí ilẹ̀ tutù níwọ̀nba tí ojú ọ̀run kò sì ṣú fún òjò líle, kí òjò wẹ́wẹ́ tàbí ọ̀rinrin ilẹ̀ lè mú un wọnú erùpẹ̀ kí àgbàrá tó dé. Fífọ́n ajílẹ̀ sójú ilẹ̀ nígbà tí òjò ń ṣú bọ̀, pẹ̀lú èrò pé òjò yóò bá wa pò ó mọ́lẹ̀, ni ọ̀nà tó burú jù nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀.

Wọ́n á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, pé ẹni tó ń wá alágbàṣe kiri kò lè máa bọ́ àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì. N kò lè fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé owó òṣìṣẹ́ ni ó ń pa oko kékeré jù lọ. Síbẹ̀, a kò lè ṣe kí a má roko lẹ́ẹ̀mejì. Tí a bá so ìdá kékeré mọ́ ìroko àkọ́kọ́, tí a sì so èyí tó pọ̀ mọ́ ìroko kejì, nígbà tí àgbàdo ti dé orúnkún tí ewé rẹ̀ sì ti ń fa omi gidi, ẹsẹ̀ tí a máa rìn sínú oko kò fi bẹ́ẹ̀ lé. Ewé tó bo ilẹ̀ yẹn náà ń ṣiṣẹ́ fún wa: bí ó ti ń mu omi, ó ń ṣí àyè sílẹ̀ nínú ilẹ̀, òjò tó bá tún rọ̀ yóò kọ́kọ́ di àyè náà kó tó rí agbára ti ohunkóhun sísàlẹ̀. Àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ kò tó ju àpò kan lọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, nítorí pé òun ni òfò kìlógíráàmù márùn-ún máa dùn.

Omi kì í lọ sísàlẹ̀ nìkan. Ní àkùrọ̀, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti sún mọ́ òkè, agbára ìfà kan náà ló ń fa omi sókè bá ẹ̀fọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí oòrùn bá sì gba omi náà lọ, iyọ̀ tó bá a gòkè yóò kù sójú ilẹ̀. Níbi tí òjò kò tó láti fọ̀ ọ́, bí àwọn àfonífojì gbígbẹ ní California, ohun tí ó ń ba oko jẹ́ nìyí, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ìdí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi dá ilé ìwádìí iyọ̀ inú ilẹ̀ sílẹ̀ ní Riverside, níbi tí Richards náà ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Òjò ọdọọdún ló ń gba ọ̀pọ̀ àkùrọ̀ wa lọ́wọ́ irú èyí.

Níkẹyìn, ọ̀rọ̀ kànga. Ọ̀pọ̀ gbà pé kànga tí omi rẹ̀ mọ́ lónìí fi hàn pé ohun tó ń lọ lókè kò pa á lára. Ìpele tí omi kò kún kì í jẹ́ kí ìdájọ́ yẹn yá bẹ́ẹ̀. Nínú òkúta ẹfun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Berkshire, iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970 tọ́pa ohun tí àdó olóró tí wọ́n dán wò sójú ọ̀run fi sínú òjò, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú omi náà kì í rìn tó mítà kan sísàlẹ̀ láàárín ọdún kan. Ajílẹ̀ àwọn bàbá lè wà lójú ọ̀nà títí di ìgbà àwọn ọmọ. Ní 2017, àwọn olùwádìí kan fojú bù ú pé náítíréètì tó wà nínú ìpele yìí káàkiri ayé tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 605 sí 1,814. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹfun, ihò ikán àti ti gbòǹgbò sì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà apá kan lè tètè dé kí apá kejì sì pẹ́. Àwọn tó sọ pé ilẹ̀ ń sẹ́ omi kò parọ́: bí omi bá ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ lára erùpẹ̀, ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn inú ìgbẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á kú sọ́nà. Náítíréètì kò ní ẹ̀mí tó lè kú, ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pa á run. Láti 1945 ni dókítà kan ní Iowa, Hunter Comly, ti so omi kànga tí náítíréètì pọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ àìsàn tó ń sọ ara ìkókó di aláwọ̀ aró. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òdiwọ̀n sí mílígíráàmù 50 nínú lítà kan.

Ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń lò, béèrè ohun méjì: kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga ní mítà 30, kí ìdí rẹ̀ sì ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ ní mítà kan àbọ̀ ó kéré tán. Àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn ń rántí, nítorí pé a lè fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láàárín àgbàlá. Èkejì ni ìpele tí mo ti ń sọ láti òkè wá, òun ló ń pa kòkòrò àìsàn, òun ló sì ń yí padà pẹ̀lú oṣù. Nínú oṣù Èrèlé ni a máa ń gbẹ́ ṣáláńgá, nítorí pé ilẹ̀ gbẹ, omi sì jìn sísàlẹ̀. Mítà kan àbọ̀ tí a rí ní Èrèlé lè má ku nǹkan kan bí oṣù Ọ̀wàrà bá wọlé, tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti gòkè wá bá ìdí ṣáláńgá. Oṣù Ọ̀wàrà ló yẹ kí a ti máa wọn jíjìn omi nínú kànga tó wà ládùúgbò, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a tó sọ fún agbẹ́lẹ̀ ibi tí yóò dúró.